Ìhunjọ Ojú Kì í Ṣe Àrùn

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ó dùn wá pé àgbà ń náwó sórí òróró fítámì E kí ìhunjọ ojú rẹ̀ lè parẹ́. Nígbà tí Evans àti Bishop rí èròjà yìí ní Kalifọ́níà ní ọdún 1922, ohun tí yóò jẹ́ kí eku lè bímọ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìpara. Títí di òní, kò sí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé fífi í pa ojú nìkan ń mú ìhunjọ kúrò. Àwọn tí ara wọn kò gbà á a sì máa sú.

A kò jiyàn pé ara ń fẹ́ fítámì E; epo pupa inú ọbẹ̀ wa kún fún un. Oòrùn àti tábà ni ó ń sọ awọ di ogbó ṣáájú ọjọ́: ẹ dé akẹtẹ̀, ẹ jáwọ́ nínú tábà. Èyí tí ó kù, ọjọ́ orí ni. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èé ṣe tí àwa yóò fi máa tijú àkísà tí Ọlọ́run fi dá wa lọ́lá?