Kí Ọmọ Àpápá àti Ọmọ Amukòkò Jọ Gbé Inú Àgọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àti ohun tí wọ́n ń fi àkókò wọn ṣe nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi gígùn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba Amukòkò kọjá nínú oṣù kẹjọ yóò rí ohun tí àwa náà ń rí. Yóò rí àwọn ọmọdé tí wọ́n fi òkúta méjì sàmì sí ojú ilé góòlù láàárín títì, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n sì ń yẹra fún kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ akẹ́rù. Yóò rí àwọn mìíràn tí wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, nítorí pé ooru inú ilé kò jẹ́ kí wọ́n lè gbé ibẹ̀ lọ́sàn-án. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Amukòkò àti Ajégúnlẹ̀ wà, lé ní 684,000. Láàárín ogunlọ́gọ̀ yìí, ilẹ̀ gbalasa tí ọmọdé lè sáré lórí rẹ̀ kò pọ̀. Pápá tí wọ́n ń pè ní Maracana ní Ajégúnlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú díẹ̀ tí ó wà. Níbẹ̀ ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀, kí ó tó di ẹni tí ó gbá góòlù wọlé jù lọ nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2019. Bí pápá kan ṣoṣo bá lè tọ́ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ dàgbà, kí ni igbó, odò àti ojú ọ̀run tí ó gbòòrò kì bá ti ṣe fún àwọn ọmọ yìí?

Ní ìhà kejì, tí kò sì jìnnà rárá, a rí ìhà Àpápá tí ilé ńláńlá wà nínú ọgbà, tí igi sì ṣíji bo ọ̀nà. Ọmọ ibẹ̀ náà kò mọ igbó. Inú yàrá tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ni ó ń jókòó sí, tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára fóònù. Kò mọ ọmọ Amukòkò, ọmọ Amukòkò kò sì mọ̀ ọ́n. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ọ̀kan á jókòó nínú ọkọ̀, èkejì á máa gbé omi inú ọ̀rá sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, kí ó bà á lè rí i tà. Èyí gan-an ni ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù. Àwọn méjèèjì yìí ni wọn yóò jọ ni ìlú yìí lọ́la. Ẹnìkínní kò sì mọ orúkọ ẹnìkejì.

Nítorí náà ni àwa fi ń wí pé kí a kó wọn lọ sí àgọ́ Síkáòtù pa pọ̀. A kò fẹ́ kí a ṣe ti àwọn ọlọ́rọ̀ lọ́tọ̀, kí a sì ṣe ti àwọn tálákà bí ìtọrẹ àánú. Inú àgọ́ kan náà ni kí wọ́n wà, nídìí ìkòkò kan náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohun náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 1907, Robert Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé inú àgọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọlọ́lá tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ bí Eton àti Harrow. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ láti Bournemouth àti Poole. Ní ayé ìgbà náà, tí ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í jọ jẹun, ohun ìyanu ni. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó fi orúkọ ẹranko tàbí ti ẹyẹ pe ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣe olórí ọ̀wọ́. Wọ́n kọ́ bí a ti ń dá iná, bí a ti ń ta kókó okùn, bí a ti ń tọ ipasẹ̀, àti bí a ti ń gba ẹni tí ó wà nínú ewu là. Ní ọdún 1908 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1915 ni ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà, ti àwọn ọmọbìnrin, tí a ń pè ní Girl Guides, sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1919.

Àwa mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò bi wá pé: ṣé ohun tí jagunjagun òyìnbó dá sílẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn àṣà ilẹ̀ wa máa polongo? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àwa kò sì ní fi pamọ́ pé Baden-Powell wà nínú ogun tí ó lọ sí Kumasi ní ọdún 1895 sí 1896, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Prempeh ọba Ashanti, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ìgbèkùn. Kò padà sí ilẹ̀ rẹ̀ títí di ọdún 1924. A gbọ́dọ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn náà, àní lẹ́bàá iná àgọ́ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ ohun náà fúnra rẹ̀ wò dáadáa, kí a tó pè é ní àjèjì.

Àwọn wo ni wọ́n mọ ipasẹ̀ ẹranko ju àwọn ọdẹ wa lọ? Kí ni àáró àti ọ̀wẹ̀, bí kò ṣe pé kí àwọn ọ̀dọ́ kó ara wọn jọ, kí wọ́n sì fi agbára wọn ran ara wọn lọ́wọ́? Ní Ìjẹ̀bú, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Ọba Sikiru Adetona, Awùjalẹ̀ tí ó jọba láti ọdún 1960 títí ó fi wàjà ní ọdún 2025, ni ó jí wọn dìde, tí gbogbo ayé fi ń rí wọn nísinsìnyí níbi Ojúde Ọba. Ọjọ́ orí ni a fi ń wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀; a kì í fi owó wọ̀ ọ́. Ọwọ́ òsì tí àwọn Síkáòtù fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí àwọn àgbà kan kà sí àfojúdi, ṣé àwọn Ògbóni kò ti ń fi ọwọ́ òsì kí ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ni? Nǹkan tí ó jọ tiwa ni ó ti òkèèrè wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí a gbà á, kí a sì fi àṣà wa wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ẹ tún rò ó wò: ọmọ kì í ṣe aláìní ẹgbẹ́. Bí àwa kò bá fún un ní ẹgbẹ́, ìta yóò fún un. Ẹgbẹ́ òkùnkùn tí gbogbo wa ń bẹ̀rù pẹ̀lú ní olórí, ó ní àmì, ó ní orin, ó ní ìbúra; ó sì ń sọ fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí pé ó já mọ́ nǹkan. Ìwàásù nìkan kò lè lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ rere ni ó lè gba ipò ẹgbẹ́ búburú.

Kí ni wọn yóò wá ṣe ní àgọ́? Ọmọ mẹ́jọ nínú ọ̀wọ́ kan, mẹ́rin láti Amukòkò, mẹ́rin láti Àpápá. Ní òwúrọ̀ wọn yóò pọn omi, wọn yóò gbá àyíká wọn mọ́, wọn yóò sì na àgọ́ wọn ró dáadáa. Lẹ́yìn náà wọn yóò fi igi àti okùn kan afárá kékeré, tàbí kí wọ́n fi máàpù àti kọ́ńpáàsì wá ọ̀nà la inú igbó já. Ní ìrọ̀lẹ́ wọn yóò dá iná, wọn yóò sì se oúnjẹ ara wọn. Nídìí ìkòkò yìí ni ẹ ó ti rí i pé ọmọ Amukòkò, tí ó ti ń dáná fún àwọn àbúrò rẹ̀ tipẹ́, ni yóò di olùkọ́ ọmọ Àpápá. Bí wọ́n bá dé etí omi, ó lè jẹ́ ọmọ Àpápá, tí òbí rẹ̀ ti sanwó fún láti kọ́ ìwẹ̀, ni yóò di olùkọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: olúkúlùkù ni ó ní ohun tí ẹnìkejì kò ní. Ní alẹ́, nígbà tí wọ́n bá yí iná ká, kí Yorùbá pa àlọ́ tirẹ̀, kí Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò àti Hausa pa tiwọn, nítorí pé gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbé àdúgbò wa. Ọmọ tí ó bá mọ iyì èdè bàbá rẹ̀ kì í kẹ́gàn ti ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ohun tí a kò rí rí. Ní ọdún 1951 ni a dá ibùdó ìkọ́ni sílẹ̀ ní Man O' War Bay, lẹ́bàá Victoria tí a ń pè ní Limbe lónìí, níbi tí Alec Dickson ti kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí orí òkè àti ojú òkun, tí ó sì ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìlú. Nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù kúrò lára Nàìjíríà ní ọdún 1961, iṣẹ́ náà kò kú. Àpápá wa yìí gan-an ni a gbé ilé-ẹ̀kọ́ òkun rẹ̀ kalẹ̀ sí. Nítorí náà, ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ọmọ Amukòkò bá dàgbà lẹ́bàá omi láìmọ ìwẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀. Lady Oyinkan Abayomi, tí ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1944, ni ó ṣe olórí Girl Guides ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ẹni tí ó kọ́ láti tọ́jú àgọ́ lè kọ́ láti tọ́jú ìlú.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Èkínní, kí ìjòyè tí ó bá ní ilẹ̀ ní ìhà Badagry, Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ yọ̀ǹda díẹ̀ fún wa fún ọ̀sẹ̀ kan péré nínú oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. A kò ní kí ó fi ta wá lọ́rẹ. Kí ó kàn yá wa ni. Èkejì, kí òbí tí ó bá ní lọ́wọ́ san owó ọmọ méjì, kí a má sì ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni báyìí ni ó sanwó fún ẹni báyìí. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wá lo ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú wọn. A kò nílò ẹni tí yóò wá sọ̀rọ̀ ìṣípayá, tí yóò sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. A nílò nọ́ọ̀sì, a nílò ọ̀mùwẹ̀, a nílò ẹni tí ó lè sùn lórí ẹní.

Ẹ̀rù àwọn òbí kò ṣàìtọ́, a sì gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Kí ọmọ kankan má ṣe lọ láìsí ìwé àṣẹ òbí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú omi bí kò bá sí ọ̀mùwẹ̀ tí ó ń ṣọ́ ọ. Kí àgọ́ obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, kí àwọ̀n ẹ̀fọn wà fún olúkúlùkù, kí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ní àkókò àdúrà wọn. Kí àgbà kan ṣoṣo má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ ní kọ̀rọ̀. Àgbà méjì ni kí ó máa wà nígbà gbogbo.

Àwa kò sọ pé ọ̀sẹ̀ kan yóò sọ ọmọ di ènìyàn. Bí ọ̀wọ́ náà kò bá tún máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní Amukòkò lóṣù yìí, ní Àpápá lóṣù tí ń bọ̀, eré lásán ni a ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí a dúró de owó ńlá. Ọmọ mẹ́rìnlélógún, ọ̀wọ́ mẹ́ta, ó tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó lọ sí Brownsea kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ilé tí a kọ́ sí Àpápá pọ̀, odi wọn sì ga. Ṣùgbọ́n odi kì í ṣọ́ ilé fún ẹni tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀. Ìjòyè tàbí ọ̀mọ̀wé tí yóò bá wa yọ̀ǹda ilẹ̀, tàbí tí yóò wá sùn lórí ẹní, kí ó sọ fún wa ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí ń bọ̀, kí oṣù kẹjọ má ṣe tún bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀.