Ẹ Má Lé Ọmọ Kúrò ní Ilé Ìdáná

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ kó ròde ni èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí mo ti ń kọ́ni, ọ̀pọ̀ òbí ti ti iṣẹ́ yìí sọ́rùn olùkọ́ pátápátá. Wọn a lé ọmọ ọdún márùn-ún kúrò ní ilé ìdáná pé kí ó lọ kàwé. Wọn a sanwó lẹ́sìn fún un. Nígbà tí ó bá sì dé kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé girama, wọn a máa bèèrè ìdí tí kò fi lè kọ àròkọ Yorùbá tí ó já gaara. Èmi ń wí pé inú ilé ìdáná tí wọ́n ti lé e ni ìdáhùn wà.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa. À ń bẹ iṣu, à ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, à ń já ewédú, à ń rẹ́ ilá. Èlùbọ́ ni à ń jọ̀, ògì ni à ń sẹ́. À ń ro àmàlà, à ń tẹ ẹ̀bà, à ń gún iyán. Bí ó bá kan aṣọ, à ń rẹ ẹ́, à ń fọ̀ ọ́, à ń fún un, à ń sá a, kí a tó ká a. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wọn dá sí i rí, “gé” àti “ṣe” nìkan ni yóò fi kọ gbogbo rẹ̀. Títò wọ́n sójú pátákó kí ó lè há wọn sórí kò lè dípò ọwọ́ tí ó ti ṣe é.

Àwọn kan yóò ní ìyà ni a fẹ́ fi jẹ ọmọ. Rárá o. A kò ní kí ọmọ kékeré gbé omi gbígbóná tàbí kí ó mú ọ̀bẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣa ẹ̀wà, ó lè ka ṣíbí, ó lè nu tábìlì. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ nìkan kò tó. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a kàn ń pàṣẹ fún láti òwúrọ̀ di alẹ́ kì í rí èdè kọ́ níbẹ̀ ju “mú un wá” lọ. Ìtàkúrọ̀sọ ni ó ń sọ iṣẹ́ di ẹ̀kọ́. Kí ìyá má wí pé, “Gbé nǹkan yẹn wá”, kí ó wí pé, “Bá mi gbé asẹ́ tí ó wà lórí ìkòkò wá.” Kí bàbá bi í pé, “Kí ló dé tí a fi ń rẹ ẹ̀wà kí a tó bó o?” Ọmọ tí ó bá dáhùn ti kọ́ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń sọ ìdí. Òbí tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Oṣòdì kò jẹ́ kí ó tètè délé ṣì ń jẹun alẹ́, ó sì ń fọṣọ ní Sátidé. Kò nílò àkókò mìíràn.

Wọn a tún ní Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi jẹun lọ́la. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ìjọba wọ́gi lé e. Ìjọba lè gba èdè lẹ́nu olùkọ́ ní kíláàsì. Kò lè gbà á ní ilé ìdáná, àfi bí àwa fúnra wa bá yọ̀ǹda rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ àṣetiléwá kan lọ́sẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ilé tí ọmọ yóò ṣe, tí yóò sì wá ròyìn rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń múra ìdánwò, ẹ lọ bẹ iṣu kí ẹ tó kọ àròkọ nípa iyán.