Ìtìjú Kì Í Wo Àìsàn Sàn: Ìlera Ọpọlọ àti Oògùn Olóró Láàrin Àwa Mùsùlùmí Ilẹ̀ Yorùbá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní Nàìjíríà. Òfin yìí ló rọ́pò òfin wèrè tí àwọn Òyìnbó amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916, èyí tí wọ́n tún kọ sínú ìwé òfin ní 1958. Ohun tó jẹ òfin àtijọ́ yẹn lógún jù ni bí wọn yóò ṣe ti aláìsàn mọ́lé. Ti tuntun sọ pé aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, pé a kò gbọdọ̀ dẹ́yẹ sí i nítorí àìsàn rẹ̀, ó sì dá owó àkànlò sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ yàrá. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá ṣílẹ̀kùn fún ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fi pamọ́ kí àwọn àna má baà gbọ́. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ ilé wa padà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn kì í ṣe owó nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà níbẹ̀. Ìtìjú ni. Ìtìjú yìí, ohun tó ń bà jẹ́ láàrin wa, àti ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa rẹ̀, la fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí ìwádìí sọ nípa wa

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí sọ òótọ́ nípa ìrora òbí. Ó tún sọ irú ojú tí a fi ń wo aláìsàn: a sọ ọ́ di ìran àpéwò.

Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi ènìyàn 2,040 léèrè ọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Yorùbá: Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó lé ní 96 tó gbà pé ewu ni aláìsàn ọpọlọ nítorí ìwà ipá. Nǹkan bíi 83 ní ẹ̀rù yóò bà wọ́n láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tó ní àwọn lè fẹ́ ẹ kò ju bíi 17 lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó yẹn ni gbòǹgbò. Gbogbo wa la mọ bí ìwádìí ṣe máa ń rí kí a tó so yìgì. Àwọn àgbà yóò rán ènìyàn lọ sí àdúgbò, wọn yóò béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè wà nínú ìdílé náà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó wà, ọ̀rọ̀ parí. Ìdí nìyí tí baba tó ní ọmọbìnrin mẹ́rin nílé yóò fi gbà kí ọmọkùnrin rẹ̀ kan máa ṣàìsàn ní yàrá ẹ̀yìn, ju kí aládùúgbò pàdé rẹ̀ ní Àrò lọ. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ náà. Ìṣirò ló ń ṣe: ó ń fi ẹnì kan pamọ́ nítorí ẹni mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò pé. Àìsàn ọpọlọ tí a tètè mú lọ sílé ìwòsàn sábà máa ń rọ̀ ju èyí tó ti pẹ́ lára lọ. Èyí tí a fi pamọ́ yóò máa le sí i, títí ọjọ́ tí aláìsàn yóò já jáde tí gbogbo àdúgbò yóò rí i. Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn wọn pé wèrè kì í sàn. Bẹ́ẹ̀ àwọn tó gba ìtọ́jú tí ara wọn yá, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń tọ́mọ, tí wọ́n ń dúró ní sàfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kì í sọ. Ẹni tí kò rí ìtọ́jú là ń rí; ẹni tó rí ìtọ́jú, a kì í mọ̀ ọ́n. Báyìí ni ìtìjú ṣe ń dá ẹlẹ́rìí sílẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ó tún yẹ ká rántí pé kì í ṣe ẹni tó ń rìn níhòòhò ní ọjà nìkan ni ọpọlọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Èdè wa fúnra rẹ̀ mọ̀ pé oríṣiríṣi ló wà. Àwọn baba wa ya wèrè ìran sọ́tọ̀ kúrò lára wèrè àfiṣe, wọ́n sì mọ abísínwín, ìyẹn èyí tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ. Ìyá ìkókó tí kò lè sùn, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń sọ pé ọmọ tí òun bí kì í ṣe ti òun, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtọ́jú wà fún un. Àwọn tó ń fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn án ló ń fi òun àti ọmọ rẹ̀ sínú ewu. Bákan náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó ń jẹ́ kí ènìyàn máa lọ síbi iṣẹ́, kó máa dáhùn "àlàáfíà ni", nígbà tí inú rẹ̀ ti ṣókùnkùn fún oṣù mélòó kan. Àìsàn ni, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ànábì Yáqúbù sunkún Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, gẹ́gẹ́ bí Àlùkùránì ṣe sọ fún wa nínú Súrà Yúsúfù, kò sì sí mùsùlùmí tó jẹ́ sọ pé ìgbàgbọ́ Ànábì Ọlọ́hun kéré.

Oògùn olóró: ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ àti àìsàn ti pàdé

Ìwádìí tí àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ ní 2018 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ní Nàìjíríà. Wọn kò ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn. Nínú ẹkùn mẹ́fà tó wà lórílẹ̀-èdè yìí, tiwa ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ló pọ̀ jù: 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú mẹ́rin tó ń lò ó káàkiri orílẹ̀-èdè, obìnrin ni ọ̀kan. Igbó ló gbapò kìíní, lẹ́yìn náà ni àwọn oògùn ìrora bíi tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní kòdíìnì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 kan náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkòdíìnì àti kíkó o wọlé.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa pé ọmọ àwọn ẹlòmíràn ni. Iye yẹn kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kó má kan ilé kéwú, ẹgbẹ́ àsàlátù àti ilé àwọn lẹ́mọ́mù. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ṣùgbọ́n sísọ fún un yàtọ̀ sí ṣíṣẹ́ ẹ̀pè fún un.

Ìtìjú ti oògùn olóró le ju ti àìsàn ọpọlọ lọ, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń pani lọ́bọlọ̀, hàráàmù ni, kò sí àníàní níbẹ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ínrín ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe hùwà sí ẹni tí ọtí di bárakú fún. Ó wà nínú hádíìsì Bùkhárí pé wọ́n mú ọkùnrin kan wá lẹ́ẹ̀kan síi lórí ọtí mímu, wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́. Ẹnì kan níbẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀pè fún un nítorí iye ìgbà tí wọ́n ti mú un wá. Ànábì kọ̀ fún un láti ṣẹ́ ẹ̀pè, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ran Ṣàítánì lọ́wọ́ lórí arákùnrin wọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ohun tó dára, kò sì jẹ́ kí wọ́n lé ẹlẹ́ṣẹ̀ kúrò láàrin ìjọ. Ọkùnrin náà ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣubú. Síbẹ̀ ara wọn ló jẹ́.

Àwọn oníṣègùn lè sọ ìdí tí ó fi máa ń tún ṣubú. Bí oògùn bá ti pẹ́ lára, ọpọlọ àti ara yóò ti mú un mọ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí a bá dá a dúró lójijì, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, oorun yóò dá, òógùn yóò bo ènìyàn. Ti ọtí tilẹ̀ le: ẹni tó ti ń mu ún lámujù fún ọdún púpọ̀ lè ní gìrì, kó sì kú, bó bá jáwọ́ lọ́jọ́ kan láìsí dókítà nítòsí. Nítorí náà, títi ọmọ mọ́ yàrá pé kó dáwọ́ dúró nípá, ó lè já sí òkú. Ìpadàsẹ́yìn lẹ́yìn ìtọ́jú kì í ṣe ẹ̀rí pé tùúbá rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ó ń sọ fún wa pé ìtọ́jú kò tíì tó ni.

Àwọn ilé ìkónimọ́lé

Ibi tí ìtìjú wa ń gbé àwọn ọmọ wa lọ, ojú ti rí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde ní ilé kan tó wà lábẹ́ mọ́sálásí ní àgbègbè Òjòó, Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní olùtọ́jú. Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti kó àwọn tó lé ní 300 jáde ní Rigasa, ní Kàdúná, àwọn mìíràn pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nínú oṣù kọkànlá yẹn kan náà, Human Rights Watch sọ ohun tí wọ́n rí ní ilé 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà. Ti mùsùlùmí, ti ìjọ Kírísítẹ́nì, ti oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ti ìjọba ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan.

Ó rọrùn láti bú àwọn tó ń ṣe irú ilé bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí òfin mú wọn. Ṣùgbọ́n ta ló mú àwọn ọmọ náà lọ síbẹ̀? Òbí ni, ẹ̀gbọ́n ni, ọkọ ni. Ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ ju ìtọ́jú lọ: wọ́n ń ra ìbòjú. Ilé náà jìnnà sí àdúgbò, kò ní káàdì ilé ìwòsàn, ará ilé sì lè sọ pé ọmọ lọ kéwú. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń fẹ́ ìbòjú yẹn, bí wọ́n bá ti ọ̀kan pa, òmíràn yóò ṣí.

Rúkíyà àti ilé ìwòsàn kò bá ara wọn jà

Àwọn kan yóò ní àlùjànnú ńkọ́? A gbà pé àlùjànnú wà. Àlùkùránì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí kò fi dandan lé e pé gbogbo àìsàn ọpọlọ ni tiwọn. Ànábì wa pàṣẹ kí á wá ìwòsàn, ó sì sọ pé Ọlọ́hun kò dá àìsàn kan láìdá oògùn rẹ̀, àfi ogbó. Àwọn tó ṣáájú wa lóye èyí. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn, Abu Zayd al-Balkhi kọ ìwé lórí ìlera ara àti ọkàn, ó sì fi hàn pé ọkàn náà máa ń ṣàìsàn gẹ́gẹ́ bí ara ṣe ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ńlá tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní 1284 ní apá tó jẹ́ ti àwọn aláìsàn ọpọlọ, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn bíi ti àwọn aláìsàn yòókù.

Nílé wa níbí pẹ̀lú, a ní ohun tí a lè fi yangàn. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, Abẹ́òkúta: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Aráyé wá kọ́gbọ́n lára rẹ̀. Ohun tí Lámbò rí nígbà náà ni pé ìfararora pẹ̀lú ènìyàn jẹ́ ara ìwòsàn. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà. Níbi tí àwọn oníwòsàn ìbílẹ̀ àti ti ẹ̀sìn ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ìlera, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí kálukú ti ń dá ṣe tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, àfáà tó bá sọ fún aláìsàn pé "máa lo oògùn rẹ, èmi náà yóò máa ṣe àdúà fún ọ", ọ̀nà tó ṣeé gbára lé ló ń tọ̀. Èyí tó bá ní kó da oògùn nù ló yẹ ká sá fún.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin lẹ́mọ́mù wa, ẹ fi kùtúbà kan sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀ yóò dé yàrá tí òfin kò lè dé.

Èkejì, ẹ̀yin àgbà tó ń lọ ṣe ìwádìí kí a tó so yìgì, ẹ yí ìbéèrè padà. Òótọ́ sísọ ṣe pàtàkì kí tọkọtaya tó fẹ́ra, a kò ní kí a fi àìsàn pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ẹni náà ń gba ìtọ́jú, bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀, bóyá ìwà àti ẹ̀sìn rẹ̀ dára. Kí a má fi àìsàn ẹ̀gbọ́n dá àbúrò lẹ́bi.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó padà dé láti ilé ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó padà dé lóòótọ́. Ẹ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ má pè é ní "ọmọ onígbó". Ẹ jẹ́ kó rí iṣẹ́ ṣe àti ẹgbẹ́ tuntun tí yóò máa bá rìn, nítorí bí kò bá rí àyè ní mọ́sálásí, ìdí paraga yóò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì lè gbé owó lé e lọ́wọ́, Súrà Nísáì ti kọ́ wa pé ẹni tí kò lè ṣàkóso owó, kí á bọ́ ọ, kí á wọ̀ ọ́ láṣọ, kí á sì máa bá a sọ̀rọ̀ tó dára.

Ẹ̀kẹrin, kí á mọ ibi tí a ń lọ. Àrò wà ní Abẹ́òkúta; ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá láti 1907; ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn àti ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀. Àjọ NDLEA náà ní ibi ìgbaninímọ̀ràn fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn olóró, kì í ṣe mímú nìkan ni wọ́n ń mú ènìyàn. Ẹni tí ọ̀nà jìn sí, kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ládùúgbò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Àìsàn tí a bá jẹ́wọ́ rẹ̀ ni a lè wò. Kí Ọlọ́hun Ọba fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn tí kò ní kù síbì kan, kí Ó tẹ́wọ́ gba tùúbá àwọn tó ń sapá láti jáwọ́, kí Ó sì má jẹ́ kí ahọ́n tiwa di ohun ìdíwọ́ fún wọn. Àmín.