Kí Ìrora Àgbà Má Dúró de Ojúmọ́: Ọ̀ràn Ìtọ́jú Amáratuni ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Ìtọ́jú amáratuni ni ìwé yìí yóò máa pe iṣẹ́ ìṣègùn tí ó dojú kọ ìrora, èémí tí kò délẹ̀, èébì, àìróorunsùn àti ìdààmú ọkàn ẹni tí àìsàn rẹ̀ wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn kò lè mú un kúrò pátápátá mọ́, tí ó sì ka ẹbí tí ó jókòó ti aláìsàn mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a tọ́jú. Kì í ṣe ti ẹni tí ó ń kú lọ nìkan, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, àti ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá fínra, gbogbo wọn ni wọ́n lè gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ mọ́ ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n ń gbà. Ohun tí a ń béèrè níhìn-ín ni pé kí àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n bá gbé láti Old Kent Road ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì bá irú ìtọ́jú yìí níbẹ̀ ní wákàtí tí ó dé, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru, kí ọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó fẹ́ sì ti wáyé nílé kí áńbúláǹsì tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bí ibì kan bá wà láyé tí kò yẹ kí irú ìbéèrè yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wáyé, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni. Ní Sydenham ni Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí kí ó tó di dókítà, ti ṣí St Christopher's Hospice ní 1967, ilé ìtọ́jú tí ó kọ́ gbogbo ayé pé ìrora aláìsàn kì í ṣe ti ara nìkan, pé ó kan ọkàn, ẹbí, owó àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2010 ni wọ́n sì ṣí ilé ìwádìí tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sí Denmark Hill, nítòsí King's College Hospital, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà Peckham ti ń gba ìtọ́jú. Ìmọ̀ tí àwọn ilé ìwòsàn Áfíríkà àti Éṣíà ń wá kọ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn.

Àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò yìí kò sì kéré níye. Àwọn tí wọ́n wá kẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1960 sí 1970, àti àwọn tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà tí ó dẹnu kọlẹ̀ lé wá ní ọdún 1980 sí 1990, ti di arúgbó tàbí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wakọ̀, tún ọ́fíìsì ṣe, tí wọ́n sì tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíràn. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 ní àgbègbè Southwark, tí Peckham wà nínú rẹ̀, ojú Old Kent Road fúnra rẹ̀ sì ni mọ́ṣáláṣí ẹgbẹ́ àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà wà, níbi tí ilé ọtí kan wà tẹ́lẹ̀ rí.

Kí ni ó ń gbé wọn dé ẹ̀ka pàjáwìrì? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrora tí ó le lóru ni, nígbà tí dókítà àdúgbò, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní GP, ti ti ilẹ̀kùn, tí kò sí mọ́fíìnì nínú ilé, tí àwọn ọmọ kò sì mọ ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè ju nọ́ńbà pàjáwìrì 999 lọ. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n dá sílẹ̀ fún ẹni tí mọ́tò gbá àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Iná rẹ̀ kì í kú, ariwo rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì kọ́ láti béèrè ni ohun tí ó bàjẹ́ nínú ara àti bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya àwòrán àyà, wọ́n á gbé omi kọ́, nígbà tí ìrora tí ó gbé àgbàlagbà náà wá ṣì ń dúró lórí ibùsùn onítáyà ní kọ́rídọ̀. Kì í ṣe ìwà ìkà àwọn òṣìṣẹ́ ni ó fà á. Àfojúsùn ìjọba pé kí ìpín 95 nínú 100 àwọn tí ó bá wọlé ti jáde tàbí kí wọ́n ti rí ibùsùn láàárín wákàtí 4 kò tíì ṣẹ ní England láti 2015, ẹni tí iṣẹ́ sì ti bò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ráàyè jókòó bi arúgbó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù.

Àwọn ètò tí ó wà kò sì kárí òru. Láti 2004 ni NICE, àjọ tí ń la ìlànà ìṣègùn sílẹ̀ fún England, ti sọ pé kí amòye ìtọ́jú amáratuni máa fojú kan aláìsàn jẹjẹrẹ láti aago 9 òwúrọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, kí ìmọ̀ràn orí tẹlifóònù nìkan máa bẹ ní gbogbo wákàtí. Ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí NHS, iṣẹ́ ìlera ìjọba, gbé jáde ní 2019 ṣèlérí ẹgbẹ́ tí yóò máa yẹ àwọn arúgbó tí ara wọn ti gbó wò fún wákàtí 70 lọ́sẹ̀. Wákàtí 168 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀; inú èyí tí ó kù sílẹ̀ ni ìrora sábà máa ń le sí i.

Àìtó yìí kò kan gbogbo ènìyàn bákan náà. Àwọn olùwádìí King's College London kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2015 nípa àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ ní oṣù tí ó gbẹ̀yìn ayé wọn, wọ́n sì rí i pé aláwọ̀ dúdú ń dé ẹ̀ka pàjáwìrì ju aláwọ̀ funfun lọ, àti tálákà ju olówó lọ. Wọ́n sì tún rí i pé àwọn tí ń gba ìtọ́jú amáratuni kì í dé ibẹ̀ tó àwọn tí kò gbà á. Ẹni tí ó bá ka èyí tí ó sì mọ Peckham kò lè sọ pé ọ̀ràn àjèjì ni.

Ó yẹ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ ní ìdí ibùsùn. Nílé Yorùbá, àkọ́bí tàbí àbúrò bàbá ni ó máa ń gba ọ̀rọ̀ sọ fún aláìsàn, wọn kì í sì í dárúkọ ikú létí ẹni tí ń ṣàìsàn. Òfin England lọ́dún 2005 lórí agbára láti pinnu kò mọ àkọ́bí: ọmọ kò ní àṣẹ láti pinnu fún òbí tí kò lè pinnu mọ́, àyàfi bí òbí náà bá ti fọwọ́ sí ìwé aṣojú tí wọ́n ń pè ní Lasting Power of Attorney nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé; dókítà gbọ́dọ̀ béèrè èrò ẹbí, ṣùgbọ́n òun ni yóò pinnu. Nígbà tí dókítà kan tí kò tíì rí bàbá náà rí bá wá ní aago mẹ́ta òru, tí ó ní òun kò ní tẹ àyà rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ bá dúró, ohun tí àwọn ọmọ ń gbọ́ ni pé wọ́n ti pa bàbá tì. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti pàṣẹ ní 2014 pé kí dókítà bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kí ó tó kọ ìwé pé kí wọ́n má tẹ àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín ariwo, láìsí ògbufọ̀, tí wọ́n fi ọmọ ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ṣe agbọ̀rọ̀sọ, kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi gbọ́dọ̀ ti ilé bẹ̀rẹ̀. Láti 2022 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ní àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Universal Care Plan, èyí tí GP, òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì, àwọn tí ń dáhùn nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera 111 àti ilé ìwòsàn lè kà, tí ohun tí aláìsàn fẹ́, ibi tí ó fẹ́ wà àti ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n pè wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo GP tí ó yí Old Kent Road ká fi ọ̀sán gbangba ṣí i pẹ̀lú àwọn àgbà tí àìsàn wọn wúwo, kí ògbufọ̀ Yorùbá jókòó, kí ẹni tí àgbà náà yàn wà níbẹ̀, kí oògùn ìrora sì wà nínú ilé de òru. Pásítọ̀ àti Lèmọ́ọ̀mù ní iṣẹ́ ńlá nínú èyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà kò ní gba mọ́fíìnì títí wọn yóò fi gbọ́ lẹ́nu aṣáájú ẹ̀sìn wọn pé àdúrà àti oògùn ìrora kò tako ara wọn.

Ẹ̀rù owó tún wà. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n wá láti Nàìjíríà bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó máa ń sá fún ilé ìwòsàn nítorí gbèsè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìtọ́jú inú ẹ̀ka pàjáwìrì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó gba ẹni náà sí wọ́ọ̀dù, òfin sì yọ ìtọ́jú amáratuni tí ilé àánú tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bá ṣe kúrò nínú ohun tí àlejò ń sanwó fún. Ó yẹ kí èyí wà lára ògiri ní èdè Yorùbá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé Yorùbá kò ní gba irú ìtọ́jú yìí kí ó wo Ìbàdàn, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé e kalẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH pẹ̀lú owó tí kò tó nǹkan, tí àwọn ẹbí sì ń gbà á. Ohun tí ó ṣeé ṣe ní Ìbàdàn kò lè ṣòro fún Southwark.

Òfin Ìlera àti Ìtọ́jú ti 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìlera gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù láti pèsè ìtọ́jú amáratuni. Kí ìgbìmọ̀ náà sanwó fún nọ́ọ̀sì amòye kan, ó kéré tán, ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn King's àti St Thomas' ní gbogbo wákàtí 168, kí ògbufọ̀ Yorùbá wà lórí tẹlifóònù lóru, kí wọ́n sì máa kéde lọ́dọọdún, ní Yorùbá pẹ̀lú, iye ìṣẹ́jú tí àwọn àgbà tí ó lé ní ẹni ọdún 65 fi dúró kí wọ́n tó rí oògùn ìrora àkọ́kọ́ gbà.