PASSED Kì Í Ṣe Ìwé-Ẹ̀rí Ìlera: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Gbogbo Ẹni tí Ó Ní Kọ̀ǹpútà Ìpamọ́ Nílé

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti kó àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti ohùn àwọn òbí yín tí ó ti sùn sínú kọ̀ǹpútà ìpamọ́ tí ń kùn hùn-ùn ní kọ̀rọ̀ yàrá, ìgbàgbọ́ kan ti gbilẹ̀ láàárín yín tí mo fẹ́ kí a fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò: èyíinì ni pé, bí a bá ti bi dísìkì léèrè ìlera rẹ̀, tí SMART, ètò tí dísìkì fi ń ṣọ́ ara rẹ̀, sì dáhùn pé PASSED, ara dísìkì le koko, kí olówó rẹ̀ lọ nà gbalaja sórí ibùsùn. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á; àìwo ìdí ọ̀rọ̀ ni ó bí i.

Dísìkì, a-yí-bíríbírí-tí-òòyì-kì-í-kọ́, tí ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí orí tí ó fi ń kàwé sì ń rábàbà lókè àwo láìfara kàn án, ní àlàfo tí kò tó ìdá ẹgbẹ̀rún irun orí ènìyàn: ta ni yóò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí ẹjọ́ irú ohun ẹlẹgẹ́ bẹ́ẹ̀? Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ta tilẹ̀ ni ó ń wí pé PASSED? Dísìkì fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ pàṣẹ smartctl -a, kí ẹ fi ojú ara yín wo àtẹ tí yóò tẹ́ sílẹ̀. Máàkì wà lábẹ́ VALUE, ààlà wà lábẹ́ THRESH, iye gan-an sì wà lábẹ́ RAW_VALUE lápá ọ̀tún pátápátá. Àfi bí máàkì ọ̀kan nínú àwọn ìlà tí a kọ Pre-fail sí lára bá já wálẹ̀ dé ààlà, dísìkì kò ní yé wí pé òun yege. Ẹ wá wo ìlà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 197, tí ń ka àwọn ààyè tí dísìkì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Lára ọ̀pọ̀ dísìkì, Old_age ni a kọ síbẹ̀, ààlà rẹ̀ sì jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ ni máàkì kì í kéré ju 1 lọ. Kí irú ààyè bẹ́ẹ̀ di ẹgbẹ̀rún, PASSED náà ni ẹ ṣì lè máa rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àsọdùn ni mo ń sọ, kí ó wo ohun tí Pinheiro, Weber àti Barroso, òṣìṣẹ́ Google ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2007, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ dísìkì tí ó lé ní 100,000. Nínú gbogbo 100 tí ó bàjẹ́, ó lé ní 36 tí SMART kò ka àmì kankan sí lọ́rùn, bí a bá yọ ti ìgbóná sẹ́yìn. Àwọn kan náà ni wọ́n rí i pé, bí àyẹ̀wò ojú àwo bá ti gbé àṣìṣe àkọ́kọ́ jáde, ewu kí dísìkì náà kú láàárín 60 ọjọ́ di ìlọ́po 39 ti èyí tí kò ní àṣìṣe. Nítorí náà, òdo kò tó fọkàn tán, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí àṣìṣe kan péré ti gbọ́ ìkìlọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe yára dá dísìkì lẹ́bi. Bí ó bá jẹ́ ìlà 199 nìkan ni ó ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí wáyà tí ó so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lójú ọ̀nà. Iye ìlà yìí kì í padà sí òdo, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó dúró. Ẹni tí ó ra dísìkì tuntun tí ó sì fi wáyà bíbàjẹ́ so ó, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Dísìkì méjì tí ó jẹ́ ẹ̀dà ara wọn ni mo so pọ̀, kí ni mo tún ń bẹ̀rù?” Ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, gbogbo ohun tí ó wà lórí ìkejì ni a gbọ́dọ̀ kà kí a tó lè tún òmíràn kọ, nígbà náà ni ààyè tí ẹnikẹ́ni kò wò láti ọdún yìí wá yóò jẹ́wọ́ pé òun ti kú tipẹ́. Ọjọ́ kan náà ni a sì sábà máa ń ra àwọn méjèèjì, ohun tí ó sì ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ máa wo ìlà 5 (ààyè tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò), 197, àti 198 (ààyè tí àyẹ̀wò kò rí kà) lóṣooṣù, kí ẹ sì kọ iye wọn sínú ìwé, kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá yí padà. Ní ọjọ́ tí ó bá yí, ẹ kọ́kọ́ da ẹrù yín kọ sórí dísìkì mìíràn, nítorí pé iṣẹ́ ńlá ni àyẹ̀wò gígùn jẹ́ fún aláìsàn. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá pàṣẹ smartctl -t long, tí ó lè gba wákàtí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dísìkì ńlá. Bí ó bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yọ dísìkì náà kúrò, ìbáà ṣe pé PASSED ni ó ṣì ń wí.