Kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ pump yín sí semi-auto, ẹ wo ẹ̀jìká mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọdẹ ò bá wù, kó máa bọ̀ lọ́jọ́ míì, mi ò ní bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas níbí, tẹ́ ẹ ti ń fi pump action yìnbọn ní Sátidé, tẹ́ ẹ wá ń bi mí pé "semi-auto wo ni kí n rà báyìí?", ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Lọ́dún tó kọjá, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan fà mí sí kọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Ó ti rí ẹ̀jìká mi nígbà tí mò ń pààrọ̀ aṣọ. Ibẹ̀ dúdú, ó pọ́n, etí ẹ̀ tún ń di àwọ̀ ewé. Ó rọra bi mí pé ṣé kò sí ẹni tó ń lù mí nílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá o, ìbọn ni. Ojú ẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìbọn tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbọn burúkú. Owó gidi ni mo fi rà á. Semi-auto ni, orúkọ ẹ̀ tóbi, àwọn tó ń ṣe fídíò ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ló ń gbé e kiri. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo lọ ra ohun tí kì í ṣe tèmi, mo rò pé tó bá ti wọ́n, á dáa. Èrò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa yìnbọn sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mọ bí ara yín ṣe gùn tó, lẹ́yìn náà lẹ wá bi mí léèrè orúkọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀: pump action, ọwọ́ lẹ máa fi fà á sẹ́yìn kó tó tu páálí ọta tó ti jó dànù, kó tó ki òmíràn. Semi-auto ń ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ró lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Kì í dà á bí òjò bíi ti ìbọn sójà. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. John Browning, ará Amẹ́ríkà, ti gbàwé lórí tiẹ̀ láti 1900, ilé-iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀m ló sì bá a ṣe é, torí òun àti Winchester ò gbọ́ra wọn yé lórí owó.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ lónìí tí irú ìbọn yìí fi ń ki ara ẹ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú éèfín gbígbóná tó ń ti ọta jáde, wọ́n á fi ti písítìnì kan. Gas nìyẹn. Beretta A300 àti A400, Browning Maxus, Winchester SX4, Mossberg 940, gas ni gbogbo wọn. Nínú ti ìkejì, wọn ò fọwọ́ kan éèfín rárá. Bí ìbọn bá ṣe ń ta sẹ́yìn sí ẹ̀jìká yín, irin wúwo kan nínú ẹ̀ á fẹ́ dúró síbi tó wà, á tẹ sípíríǹgì kan pọ̀, sípíríǹgì yẹn ló máa wá ju irin náà sẹ́yìn. Inertia nìyẹn. Benelli ló sọ ọ́ di olókìkí, Franchi náà ń lò ó.

Báwo ló ṣe ń rí lára? Gas máa ń fa títa ìbọn gùn díẹ̀, á dà bí ìgbà tí èèyàn tì yín. Ti inertia yára, á dà bí ìgbà tí èèyàn gbá yín. Gas máa ń dọ̀tí o. Ẹ̀tù dúdú á bo písítìnì ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ń ṣọ̀lẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Inertia mọ́ tónítóní, ó fúyẹ́, ẹ lè gbé e rìn nínú omi àti ẹrọ̀fọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ló yẹ. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ ẹ̀ yẹn, ẹ̀jìká yín ló máa sanwó ẹ̀. Ó tún ń fẹ́ kí ìdí ẹ̀ rí nǹkan fara tì dáadáa. Tẹ́ ẹ bá lo kátíríìjì tí agbára ẹ̀ kéré, tàbí tẹ́ ẹ ò gbé e mọ́ra, ó lè kọ̀ láti ki òmíràn.

Èmi tí mò ń yin 100 kátíríìjì ní Sátidé kan ṣoṣo sí àwọn àwo pẹlẹbẹ tó ń fò lójú òfuurufú, clay tí wọ́n ń pè é, kí ni mò ń wá dé ìdí ìbọn ẹni tó ń yin mẹ́wàá láàárọ̀ nínú àbàtà? Bàtà òjò ni mo rà, eré ìje ni mo fẹ́ fi sá.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì tún burú ju ìyẹn lọ. Mi ò ga. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 2 ni mí, apá mi ò sì gùn. Ọ̀pọ̀ ìbọn tó wà lórí àtẹ, láti tìrígà dé ẹ̀yìn ìdí ẹ̀ máa ń tó bí íńṣì 14 àtààbọ̀. Tèmi ò yẹ kó kọjá 13. Tó bá ti gùn jù, ẹ ó máa na ọrùn bíi tòlótòló, ìdí ìbọn ò ní jókòó sínú kòtò ẹ̀jìká, orí egungun apá ló máa bọ́ sí. Ibi tó dúdú lára mi gan-an nìyẹn.

Ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta nínú ẹ̀, kí ẹni tó ń tà á náà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síbi tí kò séèyàn. Ẹ dijú, ẹ gbé e sí ẹ̀jìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó ṣe wá, ẹ wá lajú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn irin nìkan lẹ rí, ìdí ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá rí gbogbo òkè ọ̀pá ẹ̀ bí ọ̀nà márosẹ̀, ó ti ga jù. Àwọn tó dáa máa ń kó nǹkan pẹlẹbẹ kéékèèké wá nínú páálí, shim lorúkọ ẹ̀. Ẹ ó fi í sáàárín ìdí ìbọn àti ara ẹ̀ láti gbé e sókè, láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí láti yí i sápá kan. Tèmi náà bá a wá o. Odindi oṣù mẹ́jọ, mi ò já ọ̀rá tí wọ́n fi dì í.

Ìrora yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ara máa ń rántí. Nígbà tó yá, mo ti ń dijú kí n tó fa tìrígà, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Ìgbà ọdẹ àdàbà ṣí lóṣù Kẹsàn-án, mo wà létí oko sunflower kan. Àdàbà kan ń bọ̀ tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Mo dijú, mo fà á. Mo rí ìyẹ́ tó já, mo rí i tó ń fi apá kan fò lọ ṣubú sáàárín oko. A wá a fún wákàtí kan, àti ajá ẹlòmíì, a ò rí i. Ọmọ ọdẹ ni mí. Nílé wa, ẹran tó bá gbọgbẹ́ lọ, wọn kì í fi í ṣe àwàdà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo ta ìbọn yẹn, mo pàdánù 400 dọ́là.

Kí n tó ra òmíràn, mo yá ti ẹni mẹ́rin yìn. Èyí tí mo rà, gas ni, ó wúwo, wọ́n sì gé ìdí ẹ̀ kúrú fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé "obìnrin ni ẹ́, lọ ra 20 gauge", mo ti gbọ́ ọ tó. 20 dáa, ṣùgbọ́n 20 tó fúyẹ́ náà ń gbá èèyàn. 12 tó wúwo, pẹ̀lú kátíríìjì tí ọta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ ⅞ ounce péré, rọ̀ mí lọ́rùn jù ú lọ. Ẹ má sì sanwó fún èyí tó ń gba kátíríìjì íńṣì 3½ nítorí ẹnu. 2¾ ni clay àti àdàbà ń fẹ́.

Bàbá ìyá mi ní Igbó-Ọrà, ṣakabùlà ni wọ́n fi dọdẹ títí ojú wọn fi di bàìbàì. Mo fi tuntun yìí hàn wọ́n lórí WhatsApp. Wọ́n ní, "Ọta mélòó ló ń jẹ?" Mo ní, "Mẹ́ta, bàbá. Tó bá jẹ́ àdàbà, òfin ò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ." Òótọ́ ni, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kẹ́ ẹ ki igi bọ inú ẹ̀ kó má lè gbà ju mẹ́ta lọ. Bàbá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Méjì yòókù ńkọ́, ta lo fẹ́ fi yìn?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Torí mo ti rí ara mi lórí pápá, mo ti tàsé àkọ́kọ́, mo wá ń ju ìkejì àti ìkẹta tẹ̀ lé e bí ẹni ń lé eṣinṣin. Tí ọta àkọ́kọ́ yín bá ṣì ń tàsé lórí pump, ẹ fi owó yẹn gba olùkọ́ ná.

Ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ ń kà á láti Ìbàdàn, ẹ má lọ wá a rà o. Òfin Nàìjíríà ka semi-auto shotgun mọ́ ìbọn tó léèwọ̀ fún aráàlú, pump náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà lórí fíìsà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti iṣẹ́, òfin àpapọ̀ ò gbà kẹ́ ẹ ní ìbọn, àyàfi tẹ́ ẹ bá wà lára àwọn tó yọ̀ǹda fún, bí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ọdẹ. Ẹ bi lọ́yà, ẹ má bi mí.

Ó kù sí owó. A300 ń lọ ní bí 1,000 dọ́là, A400 Xcel lé ní 1,500. A400 rọ̀ lára, mo ti yìn ín, ó dùn. Ṣùgbọ́n A300 tí ìdí ẹ̀ bá ara yín mu sàn ju A400 tí kò bá yín mu, mo sì máa tún un sọ níwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí tó kù ra ohun ìdítí tó dáa àti kátíríìjì.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, a ó wà lórí pápá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tèmi wò kó tó náwó, kó wá. Kó mú kátíríìjì tiẹ̀ lọ́wọ́ o, mi ò ní pín tèmi.