Kókó Ọrùn: Kí Abẹ Tó Dé Ibẹ̀

Ní ọdún 1999, ìjọba South Korea dá ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ sílẹ̀ fún aráàlú. Jẹjẹrẹ táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kékeré tó wà níwájú ọ̀fun, kò sí lára èyí tí ìjọba ní kí wọ́n máa wá. Ṣùgbọ́n àwọn ilé ìwòsàn rí i pé skáànù tí wọ́n fi ń wo ọlẹ̀ inú aboyún lè wo ọrùn pẹ̀lú, ni wọ́n bá fi kún un ní dọ́là 30 sí 50. Èrò wọ́ lọ síbẹ̀.

Nígbà tó máa fi di 2011, iye àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ní jẹjẹrẹ táírọ́ìdì ti di ìlọ́po 15 ti ọdún 1993. Wọ́n lé ní 40,000 lọ́dún yẹn nìkan. Iye àwọn tí àrùn náà ń pa ńkọ́? Kò yí padà, wọn kò tó 400 lọ́dún. Kókó wẹ́wẹ́ ni ẹ̀rọ ń tú síta, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ìbá gbé dọ́jọ́ ogbó láìmọ̀ rárá.

Síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n tọ́jú, wọ́n sì yọ táírọ́ìdì bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn kúrò pátápátá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, oògùn ojoojúmọ́ di tirẹ̀ títí ayé. Nínú àwọn tó lé ní 15,000 tí wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ wọn wò, èèyàn 11 nínú 100 ni ẹṣẹ́ tó ń darí kálísíọ̀mù wọn bàjẹ́, èèyàn 2 nínú 100 sì ni iṣan ohùn wọn rọ. Ẹ ro ti tíṣà tàbí oníwàásù tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, nítorí kókó tí kò dùn ún rí!

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára nílẹ̀ yìí náà, nítorí àyẹ̀wò gbogbo ara ti di ọjà ní àwọn ìlú ńlá wa. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe lọ́rùn kò ní ìdí láti sanwó kí wọ́n máa wá kókó níbẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan kókó ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi gèlè bò ó, kó máa mu àgbo kiri títí gẹ̀gẹ̀ yóò fi máa fún un lọ́fun.

Ilé ìwòsàn ni kó lọ. Àyẹ̀wò kókó ọrùn ní ètò, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fo ìpele kankan. Dókítà á fún èèyàn lómi, á fi ìka méjì le ọ̀fun, á ní kó gbé omi náà mì. Kókó táírọ́ìdì á bá ọ̀fun gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ló kàn, láti mọ̀ bóyá ẹṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kò ṣe tó. Lẹ́yìn náà ni skáànù. Ìrísí kókó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju títóbi rẹ̀ lọ: ṣé omi lásán ló kún inú rẹ̀, àbí ó dúdú, etí rẹ̀ rí págunpàgun, èérún funfun sì wà nínú rẹ̀? Èyí tó bá mú ìfura wá ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde nínú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọ́n á sì fi maikirosikóòpù wò ó. Èyí tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan kì í sábà nílò abẹ́rẹ́. Nínú kókó mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ jẹjẹrẹ, abẹ nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Láti 1993 ni ilé ìwòsàn Kuma ní Kobe, Japan, ti ń fún àwọn tí tiwọn kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láǹfààní láti máa ṣọ́ ọ. Nínú àwọn 1,235 tí wọ́n ròyìn ní 2014, àrùn náà kò pa ẹnì kankan.

Ọdún 2014 yẹn náà ni àwọn dókítà kan ní Korea dìde, wọ́n kọ̀wé sí aráàlú pé kí wọ́n jáwọ́ nínú skáànù ọrùn tí kò nídìí. Láàárín ọdún kan, iṣẹ́ abẹ táírọ́ìdì fi ìdá 35 nínú 100 dín kù. Ó yẹ kí àwọn dókítà tiwa náà kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tí kókó rẹ̀ bá ń yára tóbi, tó le gbagidi, tí ohùn rẹ̀ há tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn.